Ìfiwéra: gọ́ọ̀mù àti kíláàmù wo ló yẹ bríìjì gìtá tàbí ukulele yín?

Bríìjì ni pákó kékeré tó jókòó lórí àyà gìtá, níbi tí ìdí gbogbo okùn so mọ́. Kò sí ibòmíràn lára ohun èlò náà tí gọ́ọ̀mù ti ń ru ẹrù tó báyìí. Tí okùn irin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti dún bó ṣe yẹ, agbára tí wọ́n jọ fi ń fa bríìjì tó ìwúwo kílò 70 sí 75, tọ̀sán tòru. Ti gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù tó bíi kílò 40. Ti ukulele, ohun èlò kékeré olókùn mẹ́rin tó jọ gìtá, kì í sábà ju kílò 20 lọ. Kì í sì í ṣe síwájú nìkan ni okùn ń fà á. Okùn ga ju àyà gìtá lọ, nítorí náà bó ṣe ń fa bríìjì síwájú ló ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Apá ẹ̀yìn yìí, tó kọjú sí ìdí gìtá, ni gọ́ọ̀mù ti máa ń kọ́kọ́ jáwọ́.

Ẹni tó fẹ́ lẹ bríìjì tuntun, tàbí tó fẹ́ dá èyí tó ti ṣí padà sáyè rẹ̀, á bá oríṣiríṣi gọ́ọ̀mù pàdé, olúkúlùkù á sì máa yin tirẹ̀. Ohun méjì ni mo fi ń wọn gbogbo wọn. Ṣé á di igi mú ṣinṣin lábẹ́ okùn fún ọ̀pọ̀ ọdún? Lọ́jọ́ tí a bá sì ní láti tú bríìjì náà, ṣé á jọ̀wọ́ rẹ̀ láìfa igi àyà ya? Ìbéèrè kejì yìí ṣe pàtàkì bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kì í bi í nígbà tí wọ́n bá ń ra gọ́ọ̀mù. Iye agbára tí wọ́n kọ sára ìgò ni wọ́n ń wò. Igi ń wú tí afẹ́fẹ́ bá lọ́rinrin, ó ń sún kì tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, àyà gìtá náà sì ń yọ ikùn díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ okùn. Bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan lè ní láti ti ọ̀bẹ gbígbóná bọ abẹ́ bríìjì yẹn. Gọ́ọ̀mù tí ẹ yàn lónìí ló máa sọ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ á rọrùn tàbí á di ìparun.

Gọ́ọ̀mù awọ àti gọ́ọ̀mù yẹ́lò

Láàrin àwọn méjì yìí ni yíyàn gidi wà.

Awọ ẹran ni wọ́n ń sè kí wọ́n tó rí gọ́ọ̀mù awọ. Hóró gbígbẹ ni wọ́n máa ń tà. Ẹ ó rẹ ẹ́ sínú omi tútù títí á fi wú, ẹ ó wá yọ́ ọ nínú agolo tó jókòó sínú omi gbígbóná, kí gọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ wà ní nǹkan bíi 60°C. Ẹ má jẹ́ kó hó rárá; tó bá ti ń kọjá 70°C, agbára rẹ̀ ń lọ nìyẹn. Wọ́n ń fi nọ́ńbà sọ bí hóró kọ̀ọ̀kan ṣe le sí. Èyí tí wọ́n kọ 192 sí ni àwọn tó ń ṣe gìtá sábà máa ń lò. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga sí i, bẹ́ẹ̀ ni gọ́ọ̀mù á ṣe máa dì kíákíá sí i.

Gọ́ọ̀mù yẹ́lò ní tirẹ̀ ti wà nínú ìgò, ẹ kàn máa tú u jáde ni. Èyí tí àwọn oníṣẹ́ gìtá mọ̀ jù ni Titebond Original, èyí tí bébà ara ìgò rẹ̀ pupa. Bí ẹ bá fi sára igi, ẹ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 sí 6 kí ẹ tó gbọ́dọ̀ fi igi méjèèjì kanra. Ìdajì wákàtí nínú kíláàmù (irin tí a fi ń fún nǹkan pọ̀) ló kéré jù, ẹ ò sì gbọdọ̀ fa okùn sí i kí wákàtí 24 tó pé. Ẹ má lò ó níbi tó tutù ju 10°C lọ.

Tí a bá gbé wọn síra, ohun àkọ́kọ́ tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni àkókò. Gọ́ọ̀mù awọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lórí igi tútù, kò ní tó ìṣẹ́jú kan tí á fi di ọ̀gì dídì, bríìjì tí ẹ bá sì gbé lé e lẹ́yìn ìyẹn kò ní lẹ̀ dáadáa, bó ti wù kí kíláàmù le tó. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n lò fi máa ń fi iná yá bríìjì àti àyà gìtá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí igi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wọ́n á ti gbé gbogbo kíláàmù sí ìwọ̀n tó yẹ, wọ́n á sì ti fi ọwọ́ gbígbẹ ṣe gbogbo ìgbésẹ̀ náà ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta láìfi gọ́ọ̀mù sí i. Gọ́ọ̀mù yẹ́lò ń fún yín láyè láti mí, láti tún bríìjì sún sí òsì díẹ̀, láti wá kíláàmù tó bọ́ sílẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú mélòó kan yẹn níyì ju ohunkóhun tí gọ́ọ̀mù awọ lè fún un lọ.

Ohun kejì ni bí wọ́n ṣe ń ṣe lábẹ́ ẹrù. Tí gọ́ọ̀mù awọ bá gbẹ tán, ó ń le koránkorán, kì í sì í rìn. Gọ́ọ̀mù yẹ́lò lè di igi mú kó sì tún máa rìn díẹ̀díẹ̀ bí okùn ṣe ń fà á, pàápàá níbi tó gbóná. Inú ọkọ̀ tí wọ́n ti pa sínú oòrùn lè gbóná tó láti mú kó rọ̀. Gìtá olókùn irin tí wọ́n gbàgbé sínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú okùn tó le lórí rẹ̀, lè jáde pẹ̀lú bríìjì tó ti gbé ìdí sókè. Gọ́ọ̀mù awọ tó gbẹ máa ń fara da ooru gbígbẹ ju ìyẹn lọ. Ooru pẹ̀lú omi ló ń ṣẹ́gun rẹ̀.

Ohun kẹta ni ìtúpalẹ̀ àti àtúnlẹ̀, níbí ni ọkàn mi sì ti fà sí gọ́ọ̀mù awọ jù. Àwọn méjèèjì ló ń jọ̀wọ́ igi fún ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tí a gbóná, èyí sì ni mo fi fẹ́ràn wọn ju gbogbo ìyókù lọ. Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ tún un lẹ̀, gọ́ọ̀mù awọ tuntun tó gbóná máa ń yọ́ ti àtijọ́, wọ́n á sì di ọ̀kan. Gọ́ọ̀mù yẹ́lò kì í lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ tó ti gbẹ. Gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ fá kúrò pátápátá títí igi gidi á fi hàn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bríìjì náà á tún ṣí. Bí àyà gìtá bá sì tín-ín-rín, gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fá a ni ẹ ń dín in kù.

Nítorí náà, ohun èlò àtijọ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù awọ ṣe, gọ́ọ̀mù awọ náà ni kí ẹ fi tún un ṣe. Ohun èlò tuntun tí ẹ ń ṣe fúnra yín, tàbí gìtá ilé iṣẹ́ tí bríìjì rẹ̀ ṣí, ẹ mú gọ́ọ̀mù yẹ́lò láìbẹ̀rù. Mi ò rí ìtìjú kankan nínú rẹ̀. Bríìjì tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù yẹ́lò lẹ̀ sórí igi tó mọ́, tó sì bá ara mu, á pẹ́ ju èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù awọ tó ti dì kí wọ́n tó dé ibẹ̀ lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan nípa gọ́ọ̀mù awọ inú ìgò, èyí tí a kì í gbóná. Wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn kí ó má baà dì, èyí sì ń mú kó rọrùn lò, ṣùgbọ́n kò lágbára tó ti hóró, kì í sì í pẹ́ kó tó bàjẹ́ nínú ìgò. Ẹ kán díẹ̀ sórí pákó, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tó bá ṣì ń lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ dà á nù. Mi ò ní fi sábẹ́ bríìjì olókùn irin.

Gọ́ọ̀mù ẹja

Èyí wà láàrin àwọn méjì tó ṣáájú, ó sì yẹ kí àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n jù báyìí lọ. Wọ́n ń ṣe é láti ara awọ ẹja, inú ìgò ló ń wà, kò nílò iná, ó sì ń fún yín láyè ju gọ́ọ̀mù yẹ́lò pàápàá lọ. Tó bá gbẹ, ó ń le bíi gọ́ọ̀mù awọ. Ẹ fi sínú kíláàmù mọ́jú, wákàtí 12 ó kéré jù. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo wúwo: kò fẹ́ràn ọ̀rinrin. Níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù tó sì lómi nínú fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún, mo máa yẹra fún un. Níbi tó gbẹ, fún ukulele tàbí gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù, ó dára púpọ̀.

Àwọn tí mi ò ní lò

Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ń di pákó mú, ṣùgbọ́n ó rọ̀ ju yẹ́lò lọ, ó sì ń rìn lábẹ́ ẹrù jù ú lọ. Bí ẹ bá lè rí funfun, ẹ lè rí yẹ́lò.

Titebond II àti III ni àwọn kan ń rà nítorí pé omi kì í tètè mú wọn. Orí àga tó wà níta ni ìyẹn ti wúlò. Lábẹ́ bríìjì, ohun tí ẹ ń fẹ́ ni gọ́ọ̀mù tó lè jáde lọ́jọ́ tí ẹ bá pè é.

Epoxy, gọ́ọ̀mù oríṣi méjì tí a ń pò pọ̀ kó tó dì, ní ìwúlò kan: ó ń dí àyè tó ṣófo láàrin igi méjì. Ìdí yẹn gan-an ni mi ò fi fẹ́ ẹ, nítorí ó ń jẹ́ kí ènìyàn fojú fo bríìjì tí kò bá àyà mu. Àṣẹ́kù rẹ̀ máa ń wọnú igi, gọ́ọ̀mù mìíràn kì í sì í fẹ́ lẹ̀ síbẹ̀ mọ́. Súpà gúlúù ń dì kí ẹ tó tún èrò pa, ó sì ń fọ́ tí nǹkan bá gbá a lójijì. Acetone, omi kẹ́míkà tó ń yọ́ ọ, ń jẹ fáníìṣì pẹ̀lú. Gọ́ọ̀mù polyurethane ń hó yọ ìfófòó bó ṣe ń gbẹ, ó sì lè ti bríìjì sókè kúrò lórí igi. Àwọn tó ń tún gìtá ṣe mọ ìrora tí àwọn mẹ́ta yìí ń fà. Igi àyà ni ó sábà máa ń tẹ̀lé bríìjì jáde.

Lórí fáníìṣì tàbí lórí igi lásán?

Èyí kò yẹ kó jẹ́ ìbéèrè, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ kan ń fi fáníìṣì sílẹ̀ sábẹ́ etí bríìjì ní ìwọ̀n mìlímítà mélòó kan yíká, nítorí ó yá. Gọ́ọ̀mù igi kò ní ohun tó máa dìmú lára fáníìṣì. Bí ẹ bá tú bríìjì gìtá tí owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹ lè rí i pé ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin ààyè náà ni kò kan igi rí. Ẹ fi ọ̀bẹ mímú tọ etí bríìjì yíká láìwọ igi, kí ẹ fá fáníìṣì kúrò títí ó fi ku bíi ìdajì mìlímítà sí etí. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó kù yẹn, ẹ fi sánpépà tàbí abẹ gbẹ́ abẹ́ etí bríìjì díẹ̀ kí ó lè jókòó lé e.

Lẹ́yìn náà ni bí igi méjèèjì ṣe bá ara mu. Àyà gìtá kì í sábà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó yọ díẹ̀ ní àárín. Bríìjì tí abẹ́ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ lè dà bí ẹni pé ó jókòó, nígbà tí kíláàmù ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá tú kíláàmù, gọ́ọ̀mù á máa bá igi tó fẹ́ padà sí bó ṣe wà jà láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ẹ tẹ́ sánpépà sórí àyà gìtá níbi tí bríìjì máa wà, kí ojú rẹ̀ kọ sókè, kí ẹ sì máa fa bríìjì lórí rẹ̀ títí abẹ́ rẹ̀ á fi gba ìrísí àyà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi abẹ fá a lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí sánpépà ń fi eruku dí ojú igi. Ebony àti rosewood, àwọn igi líle tí wọ́n sábà fi ń ṣe bríìjì, ní òróró nínú. Ọjọ́ tí ẹ bá fá wọn náà ni kí ẹ lẹ̀ wọ́n. Tí mo bá ní wákàtí mẹ́ta fún gbogbo iṣẹ́ yìí, méjì nínú rẹ̀ ni mo máa ná síbí.

Kíláàmù: ibi tí gìtá àti ukulele ti yàtọ̀

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra fún àwọn méjèèjì. Ohun tó ń da ẹni tó ń ṣe ukulele láàmú ni bí á ṣe dé inú.

Gìtá ní ihò ohùn tó fẹ̀ tó bíi mìlímítà 100. Ọwọ́ ń wọ̀ ọ́, kíláàmù ọlọ́rùn gígùn náà ń wọ̀ ọ́. Mẹ́ta ló dára: ọ̀kan sí àárín, ọ̀kan sí apá kọ̀ọ̀kan. Nínú, ẹ gbọ́dọ̀ ní pákó kan tí ẹ gé ojú ihò sí fún àwọn igi àtìlẹ́yìn, kí kíláàmù má baà tẹ̀ wọ́n. Ẹ fi ọ̀rá pẹlẹbẹ sí àárín pákó náà àti gìtá, kí gọ́ọ̀mù tó bá ṣàn gba ihò wọlé má lẹ gbogbo wọn pọ̀. Ọ̀nà yìí kò wọ́n, ó sì lágbára, ṣùgbọ́n kíláàmù lè fa bríìjì kúrò láyè nígbà tí ẹ bá ń dè é.

Ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ ni ìdíje rẹ̀. Ẹ gbé e bo bríìjì láti òkè, ó fa afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ jáde, afẹ́fẹ́ ìta àti ti inú gìtá sì fún igi méjèèjì pọ̀. Kò ní kí a ti nǹkan kan bọ inú, ó sì ń tẹ gbogbo ojú bríìjì bákan náà, títí dé igun, ibi tí kíláàmù kì í dé dáadáa. Agbára rẹ̀ ní òpin: kò lè ju bíi kílò 1 lọ lórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó, nítorí náà bríìjì tí ojú rẹ̀ tó 50 irú sẹ̀ǹtímítà bẹ́ẹ̀ á gba nǹkan bíi kílò 50. Ìyẹn tó fún igi tó bá ara mu, kò tó láti fipá tẹ igi tó wọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí èyí. Kì í bá ènìyàn bo iṣẹ́ tí kò dára mọ́lẹ̀. Ẹ kàn rí i pé ẹ dí àwọn ihò tí okùn ń gbà wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ inú á máa sá jáde. Ó wọ́n, nítorí náà ẹni tó fẹ́ tún gìtá kan ṣoṣo ṣe kò nílò rẹ̀.

Ukulele soprano, èyí tó kéré, ní ihò tó jẹ́ bíi ìdajì ti gìtá. Ọwọ́ àgbàlagbà kò lè wọ̀ ọ́, kíláàmù ọlọ́rùn gígùn díẹ̀ ló sì lè wọ̀ ọ́. Ohun tí mo máa dámọ̀ràn níbí ni bóòtì kékeré méjì. Ẹ lu ihò tín-ín-rín méjì sí ìsàlẹ̀ ojú ihò saddle (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ orí bríìjì tí okùn gùn lé), kí ó kọjá lọ sínú, ẹ ti bóòtì bọ̀ ọ́, kí ẹ fi pákó kékeré àti nọ́ọ̀tì dè é láti inú. Bóòtì yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń tẹ bríìjì, kò sì ní jẹ́ kó yọ̀ kúrò níbi tí ẹ wọ̀n. Lẹ́yìn tí gọ́ọ̀mù bá gbẹ, ẹ yọ ọ́, saddle á sì bo ihò náà mọ́lẹ̀. Àwọn kan ń fi rọ́bà gígùn wé ara ukulele yíká. Kò burú fún ẹrù kékeré bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti fi pákó pẹlẹbẹ sórí bríìjì kí agbára tàn ká. Ṣùgbọ́n gbígbé nǹkan wúwo lé bríìjì lásán, láìsí nǹkan tó gbé àyà náà dúró láti inú, ń tẹ àyà wọlé, gọ́ọ̀mù á sì gbẹ sórí ìrísí tí kì í ṣe tirẹ̀.

Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ má fún un pa. Bí gọ́ọ̀mù bá ti yọ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yíká etí, ó tó. Ẹ fi aṣọ tó lómi díẹ̀ nu ún, tàbí kí ẹ dúró kó di bíi rọ́bà, kí ẹ wá fi igi pẹlẹbẹ ká a kúrò.

Kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù kan igi rárá, ẹ wọn ààyè. Láti nut (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn gùn lé lókè ọrùn gìtá) dé fret kejìlá (fret ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn) ni ìdajì gígùn okùn. Ìdajì kejì gbọ́dọ̀ parí sí saddle, pẹ̀lú mìlímítà 2 sí 3 lórí rẹ̀, nítorí pé títẹ okùn mọ́lẹ̀ ń gbé ohùn rẹ̀ sókè díẹ̀. Nínú ukulele, soprano tó bíi mìlímítà 345 lápapọ̀, concert tó tóbi jù ú lọ 380, tenor tó tún tóbi jù 430, gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù 650. Ohun èlò tó wà lọ́wọ́ yín ni kí ẹ wọ̀n ṣá o, ẹ má gbára lé nọ́ńbà wọ̀nyí. Bríìjì tí wọ́n lẹ̀ ṣinṣin sí ibi tí kò tọ́ ni ó ṣòro tú jù.

Tó bá di ọjọ́ kejì, tí kíláàmù ti kúrò, ẹ gbìyànjú láti ti bébà tín-ín-rín bọ abẹ́ ẹ̀yìn bríìjì, láti igun kan dé èkejì. Bí kò bá wọlé níbikíbi, ẹ so okùn, ẹ fà á dé ìdajì ohùn, kí ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ẹ tún ti bébà náà wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fà á dé ohùn rẹ̀ gan-an.